Ìkòkò Omi Tí Àlàbá Ń Ṣọ́

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí tẹ̀ lọ́wọ́, bóyá nínú ọkọ̀ ojú irin ni o wà, bóyá ní ìsọ̀ rẹ, jọ̀wọ́ má tíì fi di ẹ̀pà. Kà á tán ná. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè kàn ọ́.

Ọkùnrin kan wà ní Agége tí ń jẹ́ Àlàbá. Obì ló ń tà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láàrin àwọn olóbì ẹ̀bá ibùdókọ̀ ojú irin, nítorí obì Àlàbá kì í gbẹ, kòkòrò kì í sì í jẹ ẹ́. Ó mọ bí a ṣe ń fi ewé tútù bo agbọ̀n, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí a pààrọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le, ìgbéraga rẹ̀ sì ga ju òrùlé ilé rẹ̀ lọ. Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní kékeré o! Láti ìgbà tó ti dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ àfi tí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, Reuben. Nígbà tí ogun Hítílà parí, Reuben wọ ọkọ̀ ní Àpápá lọ sí ìlú òyìnbó, ó sì di ọmọ ogun ojú omi níbẹ̀. Wọ́n fi í sínú ọkọ̀ abẹ́ omi, ọkọ̀ onírin tí í mọ̀ọ́mọ̀ wọ ìsàlẹ̀ òkun pẹ̀lú àwọn ènìyàn nínú, tí í sì í pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó yọ. Nígbà tí ó wá sílé fún ìsinmi tí ó ṣàlàyé rẹ̀, Àlàbá káwọ́ lérí.

“Ọkọ̀ tó bá rì là ń sunkún lé lórí níbí. Tìẹ, wọ́n ń sanwó fún ọ kí o bá a rì?”

Ní ìsinmi yẹn ni Reuben gbé Láídé níyàwó. Lọ́jọ́ tí ó ń padà, ọyẹ́ ń jà, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ó ní, “Bàbá mi, nǹkan kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín sí. Ẹ bá mi tọ́jú Láídé. Tí mo bá ti mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ yín, ọkàn mi á balẹ̀ lábẹ́ omi níbẹ̀.”

Àlàbá ní kò burú. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi tọ oníṣègùn kan lọ lọ́nà Ọ̀tà. Oníṣègùn fún un ní ìkòkò kékeré kan, ó ní kí ó rọ omi sí i, kí ó gbé e sí igun yàrá rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà nínú rẹ̀, òkun kò ní í rí Reuben gbé mì. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá gbẹ, tàbí tí obìnrin bá fọwọ́ kan ìkòkò, ó parí nìyẹn. Àlàbá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù.

Ọyẹ́ kì í wojú ẹnikẹ́ni. Omi ìkòkò ń fà. Kí ni Àlàbá ṣe? Nígbàkígbà tí ó bá rí i pé ó fà, á bu òmíràn kún un, á sì dé e padà.

Emmanuel, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra, bá a nídìí ìkòkò náà lọ́jọ́ kan. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Emmanuel, Dòpémù ló ń gbé. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, àánú sì tún ṣe é.

“Àlàbá, ìwọ lò ń bu omi sí i kí ó má baà gbẹ, ìwọ náà lo tún ní òun ló ń gba ọmọ rẹ. Tí o bá sùn ńkọ́? Jésù kì í sùn, kò sì sí ìsàlẹ̀ omi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Fi Reuben lé e lọ́wọ́. Fi ara tìrẹ náà lé e lọ́wọ́.”

“Máa gba àdúrà tìẹ,” ni Àlàbá wí. “Ọmọ tìẹ kọ́ ló wà nísàlẹ̀ òkun.”

Láídé ti lóyún, wọ́n sì ti kọ̀wé sọ fún Reuben. Ojú tí Àlàbá fi ń ṣọ́ ìkòkò, kò fi í wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà wú, kò rí i. Òun náà ló ń lọ pọn omi ilé, ó ń gbé e lórí pẹ̀lú oyún, kò sì sí ẹni tó ní kí ó sọ̀ ọ́.

Ó di ìgbà òjò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àlàbá wà ní ìsọ̀ aránṣọ kan tí ó ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó gbọ́ tí wọ́n ní ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ti wọ inú òkun, kò sì yọ mọ́. Kò dúró gbọ́ orúkọ ọkọ̀ náà. Ó sáré lọ sílé nínú òjò.

Nílé, òrùlé yàrá rẹ̀ ń jò. Láídé ti rí i pé omi ń ṣàn sórí àwọn agbọ̀n obì bàbá ọkọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òjò yóò bà á jẹ́. Ó wọlé lọ, ó ń fà wọ́n kúrò níbi tó ń jò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì ṣubú lu ìkòkò. Níbi tí ó ti ń ṣa àfọ́kù ni Àlàbá bá a.

“O ti pa á! O ti pa ọmọ mi!”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, obì yín ni mo ní kí òjò má bà jẹ́—”

“Jáde nílé mi! N kò fẹ́ rí ẹ mọ́!”

Ó da ẹrù rẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Àwọn ará ilé bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Láídé dúró lábẹ́ òrùlé aládùúgbò, ó rò pé inú bàbá yóò rọ̀. Nígbà tí kò rọ̀, ó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Dòpémù nínú òjò, ó lọ bá Tinúadé, ìyàwó Emmanuel. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Emmanuel wá bá Àlàbá níbi tí ó jókòó sí, tí kò jẹ, tí kò mu.

“Kì í ṣe ọkọ̀ Reuben,” ni Emmanuel wí. “Wọ́n ti dárúkọ rẹ̀. Àwọn bàbá mìíràn ni wọ́n ń sunkún.”

Àlàbá fò dìde. “Ọmọ mi yè! Reuben mi yè!”

Emmanuel kò bá a yọ̀. Ó ní, “Wọ ẹ̀wù rẹ, ká lọ sí Dòpémù.”

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Láídé dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó kọjú sí ògiri. Òkú ni wọ́n bí ọmọ náà, ọkùnrin ni, wọ́n sì ti sin ín. Àwọn obìnrin ìjọ yí ìyá rẹ̀ ká, wọ́n ń sọ ohun tí a máa ń sọ: “Omi ló dànù, agbè kò fọ́.”

Àlàbá jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n lù.

“Amọ̀ ni mo ń ṣọ́,” ó ní. “Èyí tí ọmọ mi fi lé mi lọ́wọ́, èmi ni mo dà á nù.”

“Òótọ́ lo sọ,” ni Emmanuel wí. “N kò ní bá ọ bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an ni Jésù ṣe kú. Ké pè é.”

“Olúwa, apànìyàn ni mí. Ṣàánú mi.” Àdúrà tí Àlàbá mọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ọlọ́run sì gbọ́ ọ.

Láídé kò yíjú sí i lọ́jọ́ náà, kò sì dá a lóhùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìdáríjì Ọlọ́run a máa yára. Ti ènìyàn a máa fẹsẹ̀ rìn, ẹni tó ṣẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ tì í láti ẹ̀yìn. Nígbà tí ó gbà láti padà sílé, Àlàbá ni ó ń pọn omi tí ó fi ń wẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà kànga pé àgbàlagbà olóbì ti di apọnmi. Á gbé omi rẹ̀ kọjá lọ sílé.

Kò sí ẹni tó tíì kọ ìròyìn náà ránṣẹ́ sí Reuben. Àwọn ẹbí gbà á nímọ̀ràn pé tí Reuben bá dé, kí ó sọ pé oyún náà kàn bàjẹ́ ni. Àlàbá ní rárá.

Ọyẹ́ tún dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, láìránṣẹ́, Reuben dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú fìlà ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n fi òwú hun dání.

“Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Láídé ńkọ́? Ọmọ mi dà?”

Àlàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tí ó bí. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ohunkóhun pamọ́. Reuben dúró, ó ń wo fìlà náà. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kí ó tó nawọ́ sí bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ẹ dìde.” Lẹ́yìn náà ni ó wọlé tọ ìyàwó rẹ̀ lọ, àwọn ará ilé sì gbọ́ ẹkún wọn títí dé ìta.

Ìwọ òǹkàwé, ìkòkò wo ni ìwọ ń bu omi kún? Ṣé oògùn ni, ọtí ni, àbí agbára ọwọ́ ara rẹ? Ìwọ ló ń gbà á, kò lè gbà ọ́. Ta ni ò ń dà síta sínú òjò nítorí rẹ̀?

Reuben kò ránṣẹ́ kí ó tó dé. Jésù náà kò ní í ránṣẹ́. Ó ti fi ọkàn rẹ lé ọ lọ́wọ́, ó sì ti fi àwọn tó wà nínú ilé rẹ lé ọ lọ́wọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, lónìí, kí o sọ ohun tí Àlàbá sọ: “Olúwa, ṣàánú mi.” Yóò gbọ́ tìrẹ pẹ̀lú. Má ṣe dúró dìgbà tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ, tí yóò bi ọ́ pé, “Èyí tí mo fi sí ọ lọ́wọ́ dà?”