Ẹ̀jẹ̀ Azeezat

"Ṣí kúlà yẹn, jọ̀ọ́! Ẹsẹ̀ mi ti ń wú!"

Ìbíyẹmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá pápá, ó di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Toheebat dúró tì í, kúlà kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ eré bọ́ọ̀lù ti parí. Àwọn ọmọ Ìlobì ti fi góòlù kan ṣíwájú.

"Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló wà nínú ẹ̀," ni Toheebat wí.

"Ẹ̀jẹ̀ ni mo ní kí o fún mi ni? Yìnyín ni mo tọrọ. Àbí ẹ̀fọn ni mí?"

Àwọn ọmọbìnrin yòókù bú sẹ́rìn-ín. Toheebat náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣí kúlà. Ìgò ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ọ̀rá, yìnyín yí i ká. Ó bu èyí tó pọ̀ jù nínú yìnyín náà fún Ìbíyẹmí. Ó gbé kúlà sábẹ́ igi tíìkì, ó sì padà sórí pápá.

Kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Nọ́ọ̀sì Bámikẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lápá Azeezat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Jọ́gà-Orílé. Oyún Azeezat ti pé oṣù méje. Ojú rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ń ru díẹ̀díẹ̀.

"Ibi ọmọ máa ń tú nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá," ni nọ́ọ̀sì ṣàlàyé. "Bí ibi ọmọ ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, nǹkan yẹn á dín kù. Ẹ̀rọ kan wà ní Ìlaròó tó ń wọ̀n ọ́n. Bí ewu bá ń bọ̀, a ó ti mọ̀ kí gìrì tó dé."

Alùpùpù tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí Ìlaròó ti bàjẹ́ láti ìgbà òjò. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Ọkọ Azeezat wà ní Ìdí-Ìrókò nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wà. Toheebat ló kù tí wọ́n lè rán. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti ń lọ sí ilé ìwé girama.

"Má dúró níbì kankan," ni nọ́ọ̀sì wí fún un. "Ooru ń ba ẹ̀jẹ̀ yìí jẹ́. Ọjọ́rú nìkan ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò yìí, òní sì ni Ọjọ́rú."

Toheebat gbọ́. Ṣùgbọ́n ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin bọ́ sí ọjọ́ kan náà ní Ìlaròó, òun ló sì ń gbá iwájú fún ilé ìwé wọn. Ẹgbẹ́ tó bá borí ni yóò lọ sí Abẹ́òkúta. Ó ní bó ti wù kó pẹ́ tó, òun á dé ibi àyẹ̀wò kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n borí. Toheebat ló gbá góòlù méjèèjì wọlé, wọ́n sì gbé e lé èjìká. Nígbà tó padà sídìí igi, òjìji ti kúrò lórí kúlà. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló bá nínú rẹ̀.

Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò gbé ìgò náà sókè, ó wò ó nínú ìmọ́lẹ̀.

"Ibo lo ti gbé e wá?"

"Jọ́gà, mà."

"O gba Kútọnu kọjá ni? Èyí ti bàjẹ́. Sọ fún nọ́ọ̀sì yín kí ó gba òmíràn, kí ó fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Má gbàgbé o."

"Mi ò ní gbàgbé, mà."

Kò gbàgbé. Kò kàn sọ ọ́ ni.

Màmá Fágbénró, ìyá ọkọ Azeezat, ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé nígbà tó wọlé.

"Ṣé wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ?"

"Wọ́n gbà á, mà. Wọ́n ní ká máa retí."

Bí ó bá sọ òótọ́, ta ni yóò jẹ́ kí ó lọ sí Abẹ́òkúta? Ó pinnu pé lẹ́yìn ìdíje ni òun yóò sọ ọ́.

Ni wọ́n bá ń retí. Nọ́ọ̀sì pe Ìlaròó, ìpè kò wọlé. Ó tún pè, kò sẹ́ni tó gbé e. Màmá Fágbénró ń kùn kiri ilé. "Wọ́n á gba nǹkan lára èèyàn, wọn ò ní dá èsì padà. Irú kí ni?" Azeezat a máa fi aṣọ tútù lé iwájú orí, a máa bi àbúrò rẹ̀ pé, "Ṣé wọn ò dá ọjọ́ kankan fún ọ?"

"Wọn ò dá ọjọ́, Àǹtí."

Ọjọ́rú mìíràn dé, ó kọjá. Ọ̀rọ̀ náà sú nọ́ọ̀sì. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìlaròó fúnra rẹ̀. Nígbà tó padà dé Jọ́gà, ó gba ilé Azeezat lọ tààrà, eruku pupa bò ó lára.

"Ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, mà. Ẹ jẹ́ kí n gba òmíràn."

Màmá Fágbénró dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ó bàjẹ́ báwo? Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi dà?"

"Wọ́n dà á nù, mà."

"Ẹ̀jẹ̀ aboyún lẹ dà nù! Ṣé omi ìfọwọ́ ni? Ta lẹ gbé e fún? Nọ́ọ̀sì, ẹ máa lọ. Ẹ ò ní fi abẹ́rẹ́ kàn án mọ́ títí ọkọ rẹ̀ á fi dé."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Toheebat. "Wọ́n ní àwọn rán ọ sí mi."

Toheebat wolẹ̀. Ó ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ó rántí Abẹ́òkúta.

"Wọn ò rán mi níṣẹ́ kankan, mà."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀bẹ̀, Màmá Fágbénró kò yà lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, gìrì gbé Azeezat lẹ́bàá agbada gààrí.

Inú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ni Toheebat ti jẹ́wọ́, orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sìmẹ́ńtì dí ọ̀nà pa. Awakọ̀ ń fọn fèrè, kò sẹ́ni tó yà fún un.

"Màmá, èmi ni mo ba ẹ̀jẹ̀ yẹn jẹ́. Bọ́ọ̀lù ni mo dúró gbá. Wọ́n rán mi, mi ò jẹ́ ẹ. Nọ́ọ̀sì ò mọ nǹkan kan."

Màmá Fágbénró fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹnu Azeezat.

"Èmi sì lé e lọ," ni ó wí.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Azeezat. Ó yè. Ọmọ náà kò yè.

Toheebat dúró de dókítà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ká ní ẹ̀jẹ̀ yẹn tètè dé, ṣé ọmọ náà ì bá yè?"

"À bá ti mọ̀ pé ewu ń bọ̀," ni dókítà wí. "À bá ti dá a dúró síbí, à bá máa ṣọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yè. Ó ṣeé ṣe kó má yè. Mi ò lè búra."

Ohun tó dun Toheebat jù nìyẹn. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, tàbí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́.

Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù lọ sí Abẹ́òkúta. Toheebat kò bá wọn lọ. Kò sẹ́ni tó dá a dúró.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́ ṣeé gbà lẹ́ẹ̀kejì. Ká ní Toheebat ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣàṣìṣe, wọn ì bá fi ọ̀rọ̀ nà án, wọn ì bá sì gba òmíràn. Ẹni tí a bá rán níṣẹ́, kó jẹ́ ẹ. Bí kò bá lè jẹ́ ẹ, kó tètè padà wá sọ.

Azeezat ti padà sí Jọ́gà-Orílé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ru. Ó ń lo oògùn láràárọ̀.