Ẹrù Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Bí òjò bá ti ṣú ní Boribana, àdúgbò kan ní Abidjan, ẹnu ọ̀nà Lábọ̀dé ni gbogbo àgbàlá ń wò.

Kò sí ẹni tó fi í jẹ oyè. Òun ló dàgbà jù níbẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ ti Èjìgbò dé. Bàtà ló ń tún ṣe. Àpótí ìjókòó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Bó bá jókòó tó ń rán bàtà, ara gbogbo ilé balẹ̀. Bó bá dìde, wọ́n á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Òkè wà lẹ́yìn àgbàlá náà. Ògiri kan ló di ilẹ̀ òkè mú kó má baà ya lu àwọn yàrá. Ní oṣù kẹfà tí à ń wí yìí, òjò bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kò dá. Ògiri lanu.

Lọ́jọ́ Sátidé, Nadège wá. Ọmọ Yorùbá ni, Abidjan ni wọ́n bí i sí. Ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí ń yọ̀ǹda ara wọn láti kìlọ̀ fún ará àdúgbò nígbà òjò. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn síbí. Ògiri yìí, c'est fini, ó ti bàjẹ́ tán. Wọ́n ti ṣí ilé ìwé tó wà lókè fún yín. Ẹ gbé ẹ̀rù yín jáde, ká lọ."

Tadjoudine, tí ń tún fíríìjì ṣe ní Adjamé, bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ o! Ó ní ká gbé ẹ̀rù jáde! Mademoiselle, ẹrù là ń gbé. Ẹ̀rù ní tiẹ̀, bíbà ló ń bani."

Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Nadège náà rẹ́rìn-ín, ojú tì í.

"Ẹ ṣáà lọ," ó wí.

"Ṣé iyọ̀ ni wá ni?" Tadjoudine dáhùn. "Òjò Abidjan, y a pas drap." Bí àwọn ọmọ ìgboro ibẹ̀ ṣe ń wí pé kò séwu nìyẹn.

Wọ́n wo Lábọ̀dé. Lábọ̀dé fi eyín já okùn bàtà.

"A gbọ́," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Kò sí ẹni tó lọ.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ẹrù ti wà ní dídì nínú yàrá Lábọ̀dé. Adéfọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló dì í láàárọ̀.

"Bàbá Jọlá, ara mi ò balẹ̀. Mo ti di ẹrù."

"Gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Má jẹ́ kí wọ́n rí i."

"Nítorí kí ni?"

"Bí wọ́n bá rí i, àyà wọn á já. Àgbà kì í kọ́kọ́ sá."

Nírọ̀lẹ́, Dèbórà wá bá a. Ó ń dirun ní ọjà Adjamé. Yàrá tirẹ̀ ló sún mọ́ ògiri jù. Lábọ̀dé ti bá a rán bàtà rẹ̀, ó wá gbà á.

"Bàbá, ògiri yẹn ń lanu sí i. Ọwọ́ mi ti ń wọ inú rẹ̀. Ṣé ká lọ ni?"

Àyà Lábọ̀dé já. Ó wo òkè. Ó wo Tadjoudine tó ń jẹ attiéké lójúde. Ó wo Mùkàrámà tó ń fọ àwo lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Ojú wọn tutù bí omi àmù. Ó rò pé òun nìkan ni ẹ̀rù ń bà.

"Kò sí nǹkan," ó wí.

"Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ̀," Dèbórà wí. Ó gba bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ògiri wó lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Àwọn tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni; Dèbórà kò bá wọn lọ. Yàrá kan ṣoṣo ló bò mọ́lẹ̀, ti Dèbórà.

Wọ́n fi ọwọ́ wa ilẹ̀, wọ́n fi ìkòkò wa ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n kàn án, ó ti kú. Ẹrù kan wà láyà rẹ̀, ó fi ìborùn dì í. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Lábọ̀dé mọ okùn tó wà lára bàtà náà. Òun ló rán an.

Ta ní ń wọ bàtà nínú yàrá? Ẹni tó fẹ́ lọ ni. Ó múra tán, ó jókòó, ó ń retí kí ẹnìkan ṣáájú.

Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àgbàlá kún. "Yako, yako," ni àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń wí bí wọ́n ti ń wọlé wá kí wọn kú ọ̀fọ̀. Nadège náà wà níbẹ̀.

Mùkàrámà ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Mo ti di ẹrù lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mo fi aṣọ bò ó."

Tadjoudine gbójú sókè. "Ìwọ náà?"

"Kí ni 'ìwọ náà'?"

"Tèmi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Ìwọ tó ń bi wá bóyá iyọ̀ ni wá!"

"Mo rí Papa tí wọ́n ń rán bàtà. Mo ní bó bá léwu, wọ́n á ti dìde."

Adéfọlákẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Lábọ̀dé wo ilẹ̀.

"Tèmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn," ó wí. "Ojú yín ni mo wò. Mo rò pé ẹ̀rù ò bà yín."



"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Papa," Nadège wí. "Kì í ṣe àgbàlá yín nìkan. Ẹ̀rù ń ba olúkúlùkù, ó fi í pamọ́, ó wá ń wo ojú ẹnìkejì. Ojú ẹnìkejì náà, irọ́ ló ń pa. Gbogbo yín wá gba irọ́ ara yín gbọ́."

"Mi ò fẹ́ kí àyà wọn já ni."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àpótí yín ni wọ́n ń wò. Bí ẹ bá jókòó, wọ́n á jókòó. Bí ẹ bá dìde, ẹni tó ti fẹ́ dìde tẹ́lẹ̀ á ráyè dìde."

"Ṣé èmi ni mo pa á?"

Nadège nawọ́ sí ẹ̀yìn àgbàlá.

"Òjò mìíràn ń bọ̀," ó wí. "Ìdajì ògiri ṣì dúró."

Ó dúró lóòótọ́. Ẹ̀yìn yàrá Mùkàrámà ló dúró sí.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí òjò tún fi ṣú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Lábọ̀dé ń rán bàtà. Ó gbé e sílẹ̀. Ó wọ yàrá, ó gbé ẹrù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rù, ó wá dúró láàárín àgbàlá níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

"Papa, ibo lẹ ń lọ?" Tadjoudine béèrè.

Lábọ̀dé kò sọ irú rẹ̀ rí lójú ọmọdé. Ọ̀rọ̀ náà wúwo ju ẹrù orí rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ó wí. "Nadège ò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ gbé ẹ̀rù yín jáde."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn kan ṣí. Òmíràn ṣí. Mùkàrámà gbé tirẹ̀ jáde. Tadjoudine fa tirẹ̀ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí yàrá Dèbórà wà nìkan ni kò sí ilẹ̀kùn tí yóò ṣí. Wọ́n gòkè lọ sí ilé ìwé.

Ògiri kò wó lọ́jọ́ náà. Òjò dá, wọ́n padà.

"A mà rin ìrìn asán," Mùkàrámà wí.

"Bó bá tún ṣú, a ó tún rìn ín," Lábọ̀dé wí. Ó jókòó, ó mú bàtà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lábẹ́ òkè, lẹ́bàá ọ̀sà, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó lanu, ọ̀rọ̀ yín la sọ. Bí wọ́n bá kìlọ̀ pé kẹ́ ẹ kúrò, ẹ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má fi ojú aládùúgbò yín wọn ewu. Òun náà, ojú yín ló ń wò. Bí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ sọ ọ́ síta kí ẹlòmíràn lè sọ tirẹ̀. Ẹni tó bá bi yín pé "Ṣé ká lọ?", ẹ má fi "Kò sí nǹkan" lé e padà. Ẹ bá a lọ wo ògiri náà.

Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń wò gẹ́gẹ́ bí olórí, ní àgbàlá, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, níbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ yín ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ẹ dìde. Ẹnìkan lè ti wọ bàtà nínú yàrá, kó máa retí yín.