Ìdènà Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni Dorcas kọ́kọ́ rí. Amọ̀ pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún. Orí ìtì igi kan tí wọ́n wọ́ dábùú títì ló dúró sí, ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú bí ẹni pé ọwọ́ lásán lè dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró. Àfi bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n ṣe dúró lóòótọ́! Dírẹ́bà yọ orí síta, ó ní irú wàhálà wo tún nìyí.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀ tẹrùtẹrù," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ má bínú. Àṣẹ ìlú ni."

Oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni. Ogun tí a ti ń gbọ́ lórí rédíò pé ó wà lókèèrè ti já wọ Benin láàárín ọjọ́ kan, wọ́n sì ní ó ti ń bọ̀ lọ́nà Ọ̀rẹ̀. Láti Ìjerò dé Òkè-Ìmẹ̀sí, kò sí ìlú tí kò yan ẹ̀ṣọ́. Ta ló fẹ́ sùn kí ogun wá jí i?

Ẹ̀fọ̀n ni Dorcas ti ń ṣe tíṣà. Ìsinmi ló ń bọ̀ wá lò nílé bàbá rẹ̀ ní Arámọkọ, ó ti rẹ̀ ẹ́, eruku ti kún imú rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà dé ìdí àpò rẹ̀, inú ti ń bí i.

"Kí ló wà nínú èyí, àǹtí?"

"Uṣu ni. Àbí ó jọ ìbọn lójú yín?"

Ọkùnrin náà tú àpò. Ó gbé iṣu kan sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Èyí tóbi tó ohun tí í pa èèyàn o. Àmọ́ a ó jẹ́ kó kọjá, bí ẹni tó ni ín bá ṣèlérí pé òun ò ní sọ ọ́ lu ẹ̀ṣọ́."

Gbogbo èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Dorcas ti ètè pọ̀ kí òun má baà rẹ́rìn-ín. Ètè náà dà á.

"Orúkọ yín?" Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

"Dorcas Ẹ̀yínadé."

Bíró rẹ̀ dúró gbọnin. "Ọmọ Bàbá Ẹ̀yínadé? Alága wa?"

"Àwọn náà ni."

"Yéè! Èmi Dúrójayé, mo ti tú ẹrù ọmọ alága!"

"Ṣebí àwọn ló ní kí ẹ tú ẹrù gbogbo èèyàn," ni Dorcas wí. "Ẹ kú iṣẹ́." Ó gun ọkọ̀, kò sì wẹ̀yìn. Irọ́ ni mo pa: ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì.

Francis Ẹ̀yínadé, bàbá Dorcas, ti jagun dé Búmà nígbà ayé Hitler, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Òun ni wọ́dìnì ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ ààbò ìlú. Ètò rẹ̀ ò le: ìtì igi lójú ọ̀nà Adó, níbi tí ọ̀tá lè gbà wọlé, ìtì igi lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n lẹ́yìn ìlú, agogo ṣọ́ọ̀ṣì kò sì gbọdọ̀ dún mọ́ fún ìsìn tàbí fún ohunkóhun, àfi bí ọ̀tá bá yọjú.

Nílé wọn ni ìgbìmọ̀ ti ń ṣèpàdé. Dorcas ń gbé omi fún wọn mu lọ́jọ́ kan nígbà tó gbọ́ ohùn ọkùnrin orí ìtì igi ọjọ́sí. Òṣìṣẹ́ títì ni Dúrójayé, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, ìjọba ló gbé e wá sí Arámọkọ láti máa tún ọ̀nà ṣe, ìlú sì ti fi í ṣe olórí ẹ̀ṣọ́ ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n.

"Bàbá, ẹ dákun," ló ń wí, "bí a bá ti ilẹ̀kùn iwájú, tí a tún ti tẹ̀yìn, a ò ti ọ̀tá mọ́ òde mọ́, ara wa la tì mọ́lé. Òkè Ẹ̀fọ̀n nìkan ni obìnrin àti ọmọdé lè sá sí. Àwọn àgbẹ̀ ló yẹ ká fi ṣọ́nà. Àwọn ló ń rí àjèjì nínú oko kí ó tó dé títì."

"Sá? Ta ló ń sá?" Bàbá fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Ìwọ tó ń fi ṣọ́bìrì dí kòtò, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lógun?"

Dúrójayé dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ gáfárà. Àmọ́ nígbà tó dìde, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ìyẹn wu Dorcas ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀ pọ̀. Èyí tí kò ní gbé òótọ́ mì nígbà tó bá wà nílẹ̀ ló wọ́n.

Àwọn obìnrin ìlú ló ń gbé oúnjẹ àárọ̀ fún ẹ̀ṣọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, ojoojúmọ́ ni ó ń kan Dorcas, bí ẹ bá lè gba ìyẹn gbọ́.

"Ṣé kí n tú abọ́ yìí wò?" ni Dúrójayé máa ń wí.

"Ẹ tú u. Ẹ̀wà ni, ó ń yìnbọn."

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Ọjọ́ tí Dúrójayé sọ pé, "Dorcas, olólùfẹ́ mi, bí ogun yìí bá lọ, mo fẹ́ kí o bá mi lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí kí o wá mọ ilé," abọ́ ni Dorcas ń kó lọ́wọ́. Ó dáhùn pé, "Bí ogun ò bá wá lọ ńkọ́? Lọ bá bàbá mi."

Ó lọ. Bàbá kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "N ò ní í fi ọmọ mi fún aláìgbọràn. Lójú ogun, ẹni tí kò gbọ́ràn ló ń kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀."

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni nǹkan bàjẹ́. Ìyá Bọ́ládé kú, obìnrin tó dàgbà jù lọ nínú ìjọ, ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ Bàbá Ẹ̀yínadé ní ẹ̀kọ nígbà tó ti Búmà dé tí kò lè rìn. Bàbá ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá túfọ̀. Ó dìde, omi lé ròrò lójú rẹ̀, ó tiro wọ inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń lu agogo fún òkú ìjọ, ìró kan fún ọdún kan tí ẹni náà lò láyé. Ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni ti Ìyá Bọ́ládé.

Ó di okùn mú, ó pa ojú dé, ó ń kà á. Dorcas tó ń gbálẹ̀ gbọ́ ìró kìíní, kò fura. Òun náà, ọmọ ìjọ ni. Létí rẹ̀, ìró òkú ni. Ní ìró kẹsàn-án, obìnrin kan ké lójúde pé, "Wọ́n ti dé o!" Ìlú sì fọ́n ká.

"Bàbá! Bàbá!" Dorcas di apá rẹ̀ mú. "Ẹ fi í sílẹ̀! Wọ́n rò pé ogun ni!"

Okùn bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ní ìṣẹ́jú náà ni Dúrójayé sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń mí hẹlẹ. Ó wo okùn tó ń mì. Ó wo ojú arúgbó. Ó yí padà, ó sáré lọ.

Dorcas tẹ̀ lé e. Ohun tó rí lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n kò ní kúrò lójú rẹ̀ títí ayé. Ìlú ti kún ìdí ìtì igi pitimu. Àwọn ìyá arúgbó ni wọ́n tẹ̀ mọ́ igi níwájú, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń tì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń sọ pé alága ò ní kí àwọn ṣí i. Dúrójayé pariwo pé kò sí ogun, kò sí ogun. Ta ló ń gbọ́? Ló bá fa irin gbọọrọ yọ nínú ẹrù iṣẹ́ rẹ̀, ó kì í bọ abẹ́ ìtì igi, ó sì yí igi náà sínú kòtò. Èrò ya kọjá. Apá ìyá kan ṣẹ́, àmọ́ kò sí ẹni tó kú. Ọlọ́run ló yọ wá.

Nígbà tí àyà balẹ̀ tán, ìlú ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Wọ́n ní àwọn ọmọ aláìgbọràn kan ló lu agogo. Àmọ́ ẹni tó fi ojú iṣẹ́ sílẹ̀ tó sì tú ìdènà, gbogbo ayé ló rí i. Wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ó lé e kúrò nílùú, àwọn ó sì kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Dorcas lọ bá a. "O rí bàbá mi nídìí agogo. Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Bàbá rẹ ni ìlú gbójú lé. Bí wọ́n bá fi wọ́n ṣẹ̀sín lónìí, ta ni wọn ó gbọ́ tirẹ̀ bí ogun bá dé lóòótọ́?"

"Ìwọ ńkọ́?"

"N ó padà sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Iṣẹ́ oko ò ní í kọ̀ mí."

"Èmi ńkọ́, Dúrójayé?"

Ó ń kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sápò. Dorcas sunkún délé. Bàbá jókòó, oúnjẹ àná ṣì wà níwájú rẹ̀. Dorcas dúró títí bóyá Bàbá yóò jẹ́wọ́. Bàbá ti abọ́ sẹ́yìn, ó wọ yàrá lọ. Bí òun bá la ẹnu, òun á dójú ti bàbá tó bí òun. Bí òun bá pa á mọ́, ọkùnrin tí òun fẹ́ á ru ẹ̀bi ẹlẹ́bi lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ yìí, èwo lẹ máa mú?

Ní Sátidé, Dorcas wọ inú ìpàdé láìpè. Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn àgbà.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ foríjì mí. Kì í ṣe ọmọdé ló lu agogo. Bàbá mi ni. Òkú ni wọ́n ń lù ú fún, wọn ò rántí òfin. Dúrójayé rí wọn, ó bo àṣírí wọn."

Bàbá Ẹ̀yínadé ṣí fìlà, ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde.

"Ọmọ mi ò parọ́," ló wí. "Ní Búmà, mo rí àwọn tó sá, mo sì rí ohun tó gbẹ̀yìn wọn. Ìyẹn ni mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá. Àmọ́ sójà ni àwa ìgbà yẹn. Àwọn ìyá wa kì í ṣe sójà. Ìdènà mi ni ì bá pa wọ́n, kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ ṣí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ máa ṣọ́ oko, bí ọmọ yìí ti wí."

Wọn ò lé Dúrójayé mọ́. Àmọ́ fún odindi oṣù kan, Bàbá kò pe orúkọ Dorcas. Bó bá kúnlẹ̀ kí i, ó kàn ń mi orí. Ó dun ọmọ náà wọra, àmọ́ kò kábàámọ̀.

Kí oṣù náà tó pé, wọ́n ti lé ogun kúrò ní Ọ̀rẹ̀, ìjọba sì ti gba Benin padà. Ní oṣù kẹwàá, àwọn ará Òkè-Ìmẹ̀sí dé: bọ̀ọ̀dá Pius, ẹ̀gbọ́n Dúrójayé, ló ṣíwájú, wọ́n ru oyin, iyọ̀, orógbó àti Bíbélì. Dúrójayé nà gbalaja sórí ilẹ̀. Bàbá jókòó, ó ń wo ògiri.

"Dorcas," ni Bàbá wí.

Dorcas kúnlẹ̀.

"Níwájú àwọn àgbà ìlú yìí lo ti sọ ọ̀rọ̀ tó dùn mí dé egungun."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Má bẹ̀ mí. Èmi ló yẹ kí n sọ ọ́, ojú ló tì mí tí mo fi gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Ọkùnrin tó wà nílẹ̀ yìí, n ò bí i, n ò fún un ní nǹkan kan, mo tilẹ̀ bú u. Síbẹ̀ ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ gba ìtìjú mi." Ó fọwọ́ nu ojú. "Wọ́n gbé nǹkan wá. Ṣé kí n gbà á?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá ń bi ọmọ, ìyàwó tó bá mọyì ara rẹ̀ a sì dákẹ́ dìgbà kẹta. Àwọn ìyá tó wà ní ìdí ilẹ̀kùn ti ń ṣẹ́jú sí Dorcas pé kó fara balẹ̀.

"Ẹ gbà á, Bàbá," ni Dorcas wí. "Ẹ gbà á kíá."

Ẹ̀rín gba ilé kan. Bàbá Ẹ̀yínadé náà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó di ọwọ́ Dúrójayé mú. "Dìde, ọmọ mi," ló wí. "Ilẹ̀ tutù."