Fídíò Tí Tíṣà Mi Fi Sórí Ayélujára

Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi pàdé ọmọbìnrin tí mò ń pè ní tíṣà mi. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n bá òun jó irin kan tí yóò máa di fóònù mú lókè tábìlì, kí ó lè máa ya fídíò ọwọ́ òun bí òun bá ń kọ̀wé.

"Kí lẹ fẹ́ fi fóònù tó dojú bolẹ̀ ṣe?"

"Tíṣà ni mí. Mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan lórí ayélujára. Wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́ ọmọ ilé ìwé."

"Tíṣà tún ń lọ sílé ìwé? Èmi tí mo ti bọ́ lọ́wọ́ yín láti kíláàsì kẹrin, ẹ ò rí i pé mo gbọ́n jù yín lọ!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi.

Nígbà tí ìfẹ́ wa wọra tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó ń kọ́ kọ́ mi. Yóò gbé àwòrán àti ọ̀rọ̀ sórí fóònù, ohùn kan yóò pe ọ̀rọ̀ náà, èmi náà yóò pè é. Bí mo bá gbà á, fóònù a pàtẹ́wọ́ fún mi. Tíṣà kankan kò pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

"Jórinjórin mi, tún un kà," ni yóò wí, yóò sì máa ya fídíò mi. Mo rò pé ojú mi ló wù ú.

Ìyá rẹ̀ ni kò fẹ́ mi. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Tíṣà bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó gbà pé kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá bá àwọn sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ní Sátidé.

Ṣùgbọ́n kí Sátidé tó dé, màmá fúnra wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Wọn ò wọlé. Mo pa iná, mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Ọ̀rẹ́ mi tí òun àti ọmọ mi jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn fi ọ́ hàn mí lórí fóònù. Ò ń ka 'àga' bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Gbogbo tíṣà ló ti wò ó. Ìwọ lo fẹ́ jẹ́ àna mi?"

Wọ́n yí padà, wọ́n lọ. Ara mi gbóná ju irin tí mò ń jó lọ.

Tíṣà sáré dé. "Ọkàn mi, ibi tí olùkọ́ wa nìkan ti máa rí i ni mo rò pé mo fi sí. Mi ò mọ̀ pé gbogbo kíláàsì ló ń wo ibẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ pé kí olùkọ́ rẹ rí mi?"

Mo ní kó máa lọ. Láti ìgbà náà, mi ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Inú tìẹ ti jìn jù. Nǹkan tó bá já sí i kì í jáde. Bí o kò bá lọ ní Sátidé, màmá yẹn ti borí."

"Kó borí."

"Kó sì gba tíṣà ẹ lọ?"

Mo tan iná, mo padà sídìí irin mi.

Ní ọ̀sán Fúráìdé, tíṣà tún wá. Ó ti rù. Ó na fóònù sí mi.

"Iṣẹ́ tó kẹ́yìn nìyí: kí n kọ ohun tí mo rí kọ́. Òní ni wọ́n máa gbà á kẹ́yìn. Kà á kí n tó fi ránṣẹ́."

Mo kà á. Ó pẹ́. Kò ràn mí lọ́wọ́, kò sì jókòó. Ohun tó kọ nìyí:

"Mo kọ́ bí a ṣe ń fi ohùn sínú ìwé. Mo kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìbéèrè tó ń máàkì ara rẹ̀. Mi ò ronú láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí mò ń kọ́. Ọkùnrin inú fídíò mi ni mo fẹ́ fẹ́. Mo sì dójú tì í."

"Pa fídíò yẹn rẹ́," mo wí.

"Láìsí fídíò, wọn ò ní fún mi ní ìwé ẹ̀rí."

"Mo gbọ́."

Ó wojú mi bóyá màá yí ọ̀rọ̀ mi padà. Mi ò yí i padà. Ó tẹ ibi tó ń pa á rẹ́.

"Ó ti lọ," ó ní, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Inú ṣì ń bí mi. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀.

Mo fa fóònù tèmi yọ. Mo wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́, títí ọ̀rọ̀ mi fi pé. Mo ní, "Ó yá, ya mí. Lónìí, mo fọwọ́ sí i."

Mo kà á síta: "Màmá, mò ń bọ̀ lọ́la. Mo ṣì ń bínú."

Tíṣà ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n fi sí ibi tí olùkọ́ nìkan ti máa rí i?"

"Fún gbogbo kíláàsì. Ọ̀rẹ́ màmá á fi hàn wọ́n."

Ní Sátidé, a dé ilé màmá. Ẹ̀gbọ́n mi kan ilẹ̀kùn. Màmá ló ṣí i. Wọn ò wo ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni wọ́n tẹjú mọ́.

"Ṣé o ṣì ń bínú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo gbọ́ tí tíṣà mi mí kanlẹ̀ nínú yàrá.

"Inú ń bí èmi náà," ni màmá wí. Wọ́n wá kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wọlé, kí oúnjẹ tó tutù."