Rìpítà Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Sùn

Ní èbúté kan n'Ìkòròdú, ìkíni ni wọ́n fi ń ṣí iṣẹ́ láràárọ̀. Kò burú o, ọmọ Yorùbá kì í rí àgbà kó má kí i. Ṣùgbọ́n inú wọkitọ́kì ni àwọn awakọ̀ ojú omi yìí ti ń kí ara wọn!

"Àlàájì, ẹ káàárọ̀ sà! Ṣé ẹ jí dáadáa? Ìyá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Bí ọ̀kan bá kí tán, òmíràn á tún gbà á. Àlàájì Ọláògún, alága wọn, á máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ á sì máa dùn.

Àpótí kékeré kan tó ṣeé gbé kiri wà lórí táǹkì omi létí èbúté náà, rìpítà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gba ohùn wọkitọ́kì, tó ń tì í síwájú, kí ọkọ̀ tó wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́ lè bá èbúté sọ̀rọ̀. Bátìrì ló ń lò, sólà ló ń cháàjì rẹ̀. Bísọ́lá, ẹnjiníà tó gbé e síbẹ̀, ti ṣètò rẹ̀ kó máa sùn nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀, kí bátìrì lè tọ́jọ́.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Rìpítà tó bá ń sùn gbọ́dọ̀ jí ná kó tó gbé ohùn. Ẹni tó bá kánjú sọ̀rọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dé. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Fàwáz ké sí alága pé òun ti gbéra. "Àlàájì" tó fi ṣáájú kò jáde. "Ọláògún, a ti gbéra o!" ni gbogbo èbúté gbọ́.

"Kí ló wí? Èmi tí mo bí irú ẹ̀ lọ́mọ?" Inú bí Àlàájì.

Fàwáz bẹ̀bẹ̀, ó búra, pàbó ló já sí. Bísọ́lá dá sí i: "Ẹ má bínú sà, kò rí yín fín. Tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, kó sinmi díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀ á dé."

"Ẹ̀rọ wo ló ń já oyè àgbà sómi? Má jẹ́ kó sùn mọ́!"

"Bátìrì á tètè kú o, sà. Àsìkò òjò la wà yìí, sólà ò rí oòrùn tó."

"Mo ní kó má sùn!"

Alága ti sọ̀rọ̀. Bísọ́lá ṣe é bó ṣe wí. Ó kàn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa wo ojú wọkitọ́kì, torí àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé síbẹ̀ tí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé lóòótọ́. Àlàájì rí i. Ó fojú fò ó, ó ń bá ìkíni Jímọ̀ lọ. Kí wọ́n tó kírun tán, rìpítà ti kú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Waliyah, ọmọ Àlàájì, wọ ọkọ̀ Fàwáz l'Ẹ̀pẹ́, ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dákú láàárín ọ̀sà. Òjò dé, atẹ́gùn dé. Fóònù ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Fàwáz gbé wọkitọ́kì sẹ́nu, ó pè títí.

Àlàájì wà ní èbúté. "Wọkitọ́kì dákẹ́ lónìí," ló ń wí, "àlàáfíà ni."

Àlàáfíà kẹ̀! Àwọn apẹja ló padà rí wọn, tí wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ náà wálé nírọ̀lẹ́. Àlàájì sáré wọ omi, ó gba ọmọ. Ara ọmọ tutù, ó ń gbọ̀n, kò lè sunkún mọ́.

"Fàwáz! Kí ló dé tí o ò pè mí?"

Waliyah ló dáhùn.

"Bàbá, ó pè yín. Èmi náà gbà á, mo pè yín. 'Àlàájì Ọláògún, alága wa, ẹ gbà wá o!' Kò sígbà kankan tí a ò fi oyè yín ṣáájú."

Ojú ti Àlàájì níwájú gbogbo àwọn tó ń kí i láràárọ̀. Kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, orí sì bá a ṣe é, ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Àlàájì bẹ Fàwáz ní gbangba, ó sì lọ bá Bísọ́lá. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, jẹ́ kó máa sùn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo rìpítà alágbèéká, lójú omi ni o, lóko ni o, ní ẹ́síteètì ni o, ẹ má pa ètò tó ń tọ́jú bátìrì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ wá sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Ohun tí kò bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán an láti orí wọkitọ́kì, kì í jẹ bátìrì tó ohùn. Bí ìkìlọ̀ bátìrì bá wọlé, ẹ dìde lọ wò ó lójú ẹsẹ̀. Ìkíni wa ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká máa ṣe é lójúkojú, níbi tí ààyè wà láti dọ̀bálẹ̀.