Gòkè Ná, Kó O Tó Sọdá

Kíákíá ni gbogbo ilé ń pe ọmọ náà, nítorí kò mọ sùúrù. Atukọ̀ ni ìyá rẹ̀, ó ń gbé èrò sọdá odò ńlá. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò Jọ́gíráfì, ọrùn ọwọ́ ń ro ìyá, ló bá na àjẹ̀ sí ọmọ.

"Ìwọ ni wàá tukọ̀ lónìí. Rọra tẹ̀ lé etí odò gòkè dé ìdí igi ńlá yẹn ná, kó o tó sọdá. Omi fúnra rẹ̀ á gbé ọ délẹ̀ níwájú ilé ìwé."

"Ẹ má ṣèyọnu, Màámi."

Kíákíá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọkọ̀, ìyá sì fi orin sìn wọ́n:

Gòkè ná, gòkè ná o,
Omi tó ń sàn kì í wojú ẹni,
Gòkè ná, kó o tó sọdá o.

Wọn ò tíì débi igi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ẹlẹ́nu Ṣẹ́rẹ́, tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, fi bẹ̀rẹ̀. "Ilé ìwé rèé níwájú wa, ìwọ ń gòkè! Ṣé orísun odò lo fẹ́ lọ àbí kí ni?"

"Màámi ló ní kí n..."

"Màámi, Màámi! Ọmọ ọmú! Aago á lù o!"

Ojú ti Kíákíá. Òjò kò kúkú rọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kí lomi fẹ́ fòun ṣe? Ó dorí ọkọ̀ kọ ilé ìwé tààrà.

Àṣé òjò ti rọ̀ lórí òkè níbi tí odò ti ṣẹ̀, àwọn odò kéékèèké sì ti da tiwọn lé e. Láàárín odò, omi gbá ọkọ̀ bí ẹní gbá ewé. Kíákíá ń tu, omi ń wọ́. Ilé ìwé ń kéré lọ lẹ́yìn wọn.

"Yéè, mo kú!" Ẹlẹ́nu Ṣẹ́rẹ́ ń ké.

Inú eèsún ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, lọ́nà jíjìn réré. Ẹrẹ̀ mù wọ́n dé orúnkún.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé, àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń parí lọ. Olùkọ́ wo ẹsẹ̀ wọn. "Ẹ wọlé, àmọ́ mi ò ní fi àsìkò kún un o."

Ìbéèrè ní kí wọ́n sọ àǹfààní odò. Kíákíá mọ̀ ọ́n: omi mímu, ẹja, ọkọ̀ tó ń kẹ́rù láti ìlú dé ìlú, ẹrẹ̀ tó ń mú oko etí odò lọ́ràá. Ibi ẹja ló kọ ọ́ dé tí olùkọ́ fi ní, "Ẹ gbé bíírò sílẹ̀!"

Àwọn méjèèjì fìdí rẹmi. Ìyá ò nà án. "Ọ̀rẹ́ ẹ fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ó bá ẹ tukọ̀?"

Nígbà ọlidé ni wọ́n tún ìdánwò náà ṣe. Lọ́jọ́ náà, Kíákíá tẹ̀ lé etí odò gòkè dé ìdí igi. Ta ló gbé orin? Ẹlẹ́nu Ṣẹ́rẹ́ ni! Omi tì wọ́n wẹ́rẹ́, ó gbé wọn dé iwájú ilé ìwé, bàtà wọn gbẹ táútáú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àbùjá kan ò sí lọ́rùn ọ̀pẹ. Ẹ má tijú àtigòkè ná. Yẹ̀yẹ́ ọ̀rẹ́ kì í báni tukọ̀.