Òórùn Oje Lórí Àkéte Yana

Òórùn oje igi ló jí Velko láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó wo yíká yàrá, kò rí ohun tó ń rùn. Malina, ìyàwó rẹ̀, ṣì ń sùn. Yana, ọmọ wọn, náà dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú àkéte rẹ̀, lábẹ́ àgbélébùú kékeré tí Velko gbẹ́ kọ́ sókè orí rẹ̀.

Ọmọ méjì ni ilẹ̀ ti gbà lọ́wọ́ wọn kí Yana tó dé. Ní abúlé orí òkè yẹn, igi tísì nìkan ni ohun burúkú ń bẹ̀rù, òun ni wọ́n sì fi ń gbẹ́ àgbélébùú tó ń ṣọ́ ọmọ ọwọ́. Igi élà fojú jọ ọ́, ṣùgbọ́n pósí ni wọ́n ń fi élà kàn, ẹnikẹ́ni kì í gbé e sún mọ́ ọmọ ọwọ́. Dafina, ìyá Malina, ti kìlọ̀ títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́: kí Velko yí ewé igi wò kó tó gé e. Bó bá rí ilà funfun méjì lábẹ́ ewé, élà ni. Tísì kì í ní ilà funfun, kì í sì í ní oje.

Ṣùgbọ́n yìnyín bo òkè lọ́jọ́ tí Velko lọ gé igi, òtútù sì ti pa ìka rẹ̀ kú. Ó bá obìnrin kan lábẹ́ igi, aṣọ ìborí rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ gbẹ táútáú. Velko sọ fún un pé igi tísì lòun ń wá fún àgbélébùú ọmọ òun.

“Òun nìyí, ọmọ mi,” ni obìnrin náà wí. “Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu lórí ewé. Kí lorúkọ ọmọ yẹn?”

Velko sì dárúkọ Yana, ọmọ tí àlùfáà kò tíì ṣe ìrìbọmi fún, ó sì gé ẹ̀ka kan lára igi náà.

Ní báyìí, ó gbójú sókè wo àgbélébùú náà. Oje ń kán lára rẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù, ó fa ẹ̀ka tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ yọ, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ilà funfun méjì ló wà lábẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan.

Dafina gbé wàrà ewúrẹ́ wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa imú.

“Velko, ṣé o yí ewé yẹn wò?”

“Mi ò yí i wò, Ìyá.”

Ìyá àgbà gbé wàrà sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọ̀rọ̀ wọn jí Malina díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lajú. “Ẹ rọra o,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kó sùn. Obìnrin aláṣọ funfun tẹ́ ẹ rán wá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lọ́mú tán ni. Ó mọ orúkọ rẹ̀.”

Velko bẹ̀rẹ̀ wo ọmọ rẹ̀ nínú àkéte. Ọmọ náà kò mí mọ́. Oje wà létè rẹ̀, ó ti dì.